Ẹni Tó Ń Bú Bàbá Mi ní Bagamoyo

Bagamoyo
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, 1995

Nyamizi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gbé ọ lọ? Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń ṣe bí ẹni pé òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ Maganga kí ọ láti Dar es Salaam, ìyàwó rẹ̀ kí ọ, àwọn ọmọ náà kí ọ. Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Mo kà á tán kí n tó ráyè jókòó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe gáàdì ọkọ̀ ojú irin, mo mọ ohun tó ń jẹ́ tẹligíráàmù, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ọmọ máa ń fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kú.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé mo ti kó kúrò ní Dar. Maganga fẹ́ kí n wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní àdúgbò Tabata, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ògiri ẹlòmíì. Mo ní rárá. Mo wá sí Bagamoyo níbí, mo ra ilé olókùúta kékeré kan tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bo òrùlé rẹ̀. Láti Dar dé ibí ò ju àádọ́rin kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe rí, ẹni tó bá gbéra láàárọ̀, eruku ló máa jẹ lọ́sàn-án. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ìlú náà wù mí. Kí wàhálà Dar tó rìn dé ibí, á ti rẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun, níbi táwọn ọkọ̀ ìgbòkun ti ń já ẹja, tí wọ́n sì ń ta á ní gbàǹjo lórí iyanrìn. Mi ò kì í rà, mo kàn máa ń bá wọn dá sí i ni. Tí mo bá ń padà bọ̀, mo máa ń gba àárín àwọn ilé àtijọ́ onílẹ̀kùn gbígbẹ́ kọjá, àwọn tí òrùlé wọn ti wó, tí igi ti hù nínú pálọ̀ wọn. Ilẹ̀kùn mẹ́tàdínlógún ni mo ti mọ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ kẹfà tí mo dé, bàbá tó ń ta kọfí ní búkà níwájú mọ́ṣáláṣí pè mí: "Gáàdì, ṣé o tún ti lọ ka ilẹ̀kùn ni? Èwo ló sá lọ lánàá?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ mí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ mí jù ni aládùúgbò mi, Bi Mwamvita. Opó ni, ọmọ ẹ̀yà Zaramo ni, ó ń hun ẹní, ó sì ń dín àkàrà ìrẹsì láàárọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń kó ẹrù wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Níbo ni wọ́n ti kó eléyìí wá?" Mo ní Tabora ni, pé ẹ̀yà Nyamwezi ni mí. Áà! Ó pariwo pe gbogbo àdúgbò: "Ẹ wá wò ó o! Aláàárù ti dé! Àwọn baba ńlá rẹ̀ fi orí ru eyín erin wá sí etí òkun yìí. Òun gbàgbé ẹrù sílé, orí nìkan ló gbé wá!"

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni. Ó ti mú àgbébọ̀ adìyẹ mi lọ sílé rẹ̀, ó ní ta ló sọ fún ẹrú òun pé kó máa sin adìyẹ. Mo pè é ní ọ̀lẹ tó ń sùn sábẹ́ àgbọn, tó ń retí kí oúnjẹ já bọ́ sí òun lẹ́nu. Ó da omi ìfọṣọ sí mi lẹ́sẹ̀. Ìlú yìí dára púpọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Jígí ìkàwé, kó nípọn ju tàtijọ́ lọ, àti fọ́tò rẹ kan tí kò sí yìnyín nínú rẹ̀. Nínú gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi, imú rẹ nìkan ló hàn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mihayo


Aarhus, Denmark
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 1995

Bàbá mi,

Shikamoo. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé tuntun.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì rẹ́rìn-ín rárá. Ibi tí ẹ ti sọ pé obìnrin kan da omi ìfọṣọ sí yín lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ ti sọ pé ìlú náà dára púpọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni yín. Ẹnì kan pè yín ní ẹrú lójú gbogbo àdúgbò, ó gbé adìyẹ yín lọ, ẹ wá ń kọ̀wé sí mi nípa ilẹ̀kùn.

Bàbá, ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ilé àwọn arúgbó ni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé tí arúgbó bá ní wọ́n ń gba nǹkan òun, tàbí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ burúkú sí òun, tó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ká má bá a rẹ́rìn-ín. Ojú ló máa ń tì wọ́n. Bàbá kan wà níbí tí ọmọ rẹ̀ máa ń gbá létí, ó sì ń sọ fún wa pé ọmọ òun fẹ́ràn eré. Ọjọ́ tá a bá gbọ́ irú ẹ̀ la máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, a ò kì í dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ Maganga. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo wálé kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo sì lò. Tí mo bá ń tọ́jú bàbá àwọn ẹlòmíì níbí, ẹ̀yin ni mò ń rò.

Jígí wà nínú páálí náà. Fọ́tò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ìdáná ni mo ti yà á, kò sí yìnyín.

Ẹ tètè fèsì.
Nyamizi


Bagamoyo
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 1995

Nyamizi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Èsì rẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé àpò lẹ́tà rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò lè dúró, torí ìròyìn ń ta mí lẹ́nu.

Ní Fráídè, mo ti ibi gbàǹjo ẹja dé, mo bá Bi Mwamvita lórí àga mi. Ó ti fi ìgbálẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní aláàárù ò gbọdọ̀ wọlé ọ̀gá rẹ̀ láìjó. Mo ní ilé mi ni. Ó ní, "Ta ló béèrè ilé ta ni? Ijó ni mo béèrè!" Kí n tó ṣẹ́jú, èèyàn mẹ́rìnlá ti dúró, tọmọdé tàgbà. Bàbá oníkọfí gbé ìkòkò kọfí rẹ̀ wá síbẹ̀ kó má bàa pàdánù ohunkóhun.

Mo jó. Orúnkún mi ń dún kọ̀ kọ̀, mo jó. Ó ní, "Ẹ wo ràkúnmí! Ẹ rọra o, tó bá ṣubú, ta ló máa gbé e?" Mo ní tí mo bá ṣubú, òun ni mo máa ṣubú lé, torí òun nìkan ló sanra tó láti gbà mí dúró. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo jó tán, Bi Mwamvita gbé àga náà lọ sílé rẹ̀. Àpótí ni mo ń jókòó lé báyìí.

Maganga wá ní Sọ́ńdè, ó bá mi lórí àpótí náà, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní ṣé bí mo ṣe fẹ́ máa ṣe nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fún un ní àkàrà ìrẹsì. Kò jẹ ẹ́.

Kọ̀wé sí mi, má fi mí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú irin tí kò sí lórí ìwé àkókò.

Bàbá rẹ


Aarhus
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, 1995

Bàbá mi,

Shikamoo. Lẹ́tà ijó yẹn dé lánàá. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kà á, ẹkún sì gbọ̀n mí débi pé wọ́n ní kí n lọ sílé. Wọ́n mú kí bàbá mi jó níta pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, kó tó lè wọ ilé ara rẹ̀!

Mo ti ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo ti kọ̀wé sí Bwana Kibwana, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí ilé mẹ́wàá tó wà ládùúgbò yín. Maganga ló fún mi lórúkọ rẹ̀, òun náà ló máa mú lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ, adìyẹ, àga, omi ìfọṣọ, ijó, àti orúkọ tó ń pè yín. Mo sọ fún un pé ìwà ọ̀daràn ni, àti pé tí kò bá dá a dúró, mo máa kọ̀wé sí àwọn tó jù ú lọ. Maganga á gbé ọkọ̀ ẹrù wá ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje, nígbà tó bá gba ìsinmi, láti kó yín lọ sí Tabata.

Ẹ bínú sí mi tó bá wù yín. Bí mo ṣe jìnnà tó yìí, ohun tí ọwọ́ mi lè tó nìyẹn.

Nyamizi


Bagamoyo
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún, 1995

Nyamizi,

Mo kí ọ. Kò sí ìkíni mìíràn lẹ́nu mi lónìí.

Kibwana ò ju télọ̀ lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó wọ aṣọ Jímọ̀ọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà tó ti Denmark wá, tí sítáǹbù mẹ́ta wà lórí rẹ̀, kò mọ ohun tó tún lè ṣe ju pé kó kà á lọ. Ìdí búkà kọfí ló ti kà á. Bi Mwamvita wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè: "Kí ni aláàárù yìí tún jí?" Kibwana ń kà á lọ. Nígbà tó dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé "ìwà ọ̀daràn sí arúgbó", obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀.

Kò pẹ́, ó kó adìyẹ mi wá pẹ̀lú ọmọ méjì tó ti jáde nínú ẹyin lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé àga wá, ó ti fọ̀ ọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi, ó wá tẹ orúnkún, ó ní, "Shikamoo, mzee." Ó pè mí ní bàbá àgbà, pẹ̀lú ìkíni tí ọmọdé fi ń kí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí! Obìnrin tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ! Nyamizi, wọn ò tíì ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ayé.

Láti ìgbà náà, bí ó ṣe ń kí mi nìyẹn, àti àwọn yòókù. Bàbá oníkọfí ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún mi. Àwọn apẹja ń yà fún mi lọ́nà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ilẹ̀kùn tó sá lọ. Mo ń rìn kiri láàárín wọn bí ọ̀gá tí wọ́n rán wá láti Dar láti wá yẹ̀ wọ́n wò.

Mo jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ṣàlàyé. Kékeré lo kúrò nílé, mo rò pé o ṣì mọ̀. Utani ni. Àwa Nyamwezi àti àwọn Zaramo, láti ayé àwọn baba ńlá wa tó ń ru ẹrù wá sí etí òkun yìí la ti ń bú ara wa. Ọ̀dọ̀ wọn là ń sùn, oúnjẹ wọn là ń jẹ, èébú la sì fi ń bára wa gbé kí ìjà má bàa wọ̀ ọ́. Ẹni utani rẹ lè gbé adìyẹ rẹ, ìwọ náà lè gbé tirẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú. Kò lè ṣe é fún àlejò. Ó ń bú mi torí pé ó mọ ibi tí mo ti wá, ó sì ti gbà pé mo dé ilé. Ohun kan ṣoṣo ló ń pa utani, kí ẹnì kan gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba. O ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba.

Maganga mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í níbi iṣẹ́ pé bàbá òun ń dá gbé, ó rí lẹ́tà rẹ, ó fi fà mí lẹ́wù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mi ò fẹ́ lọ, ọmọ mi. Mo fẹ́ràn ibí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní ìlú tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún mi báyìí?

Mihayo


Aarhus
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, 1995

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí yín mọ́. Ẹ bá mi gba ti ọkàn mi.

Ẹ ní mi ò mọ utani. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Màmá kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ọkùnrin kan ró aṣọ kanga Màmá mọ́ra, èyí aláwọ̀ ewé tó máa ń ró lọ sọ́jà. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀ bí Màmá ṣe ń wọ́ ọ nígbà tí àìsàn dé. Ó wá ń ké pẹ̀lú ohùn Màmá: "Nyamizi! Nyamizi, o ò ní wá jẹun ni?" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sínú sàréè, ó nà gbalaja, ó ní ibẹ̀ tutù, pé òun ò ní jáde fún òkú kankan. Mo sáré lọ bá a, mo gé e jẹ lápá. Àǹtí mi ló fà mí kúrò. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi lọ, mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo rí yín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àǹtí mú mi wá síbí. Ohun tí mo mú ti ilé wá nìyẹn. Mi ò bi yín rí, ọdún mọ́kànlélógún rèé, torí ẹ̀rù ìdáhùn yín ń bà mí. Nígbà tí ẹ kọ̀wé nípa Bi Mwamvita, ohùn ọkùnrin yẹn ni mò ń gbọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí obìnrin yẹn náà máa wọ aṣọ yín, tí á máa rìn bíi tiyín, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Mi ò lè fara dà á lẹ́ẹ̀kejì.

Nyamizi


Bagamoyo
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, 1995

Nyamizi mi,

Ọjọ́ kẹrin rèé tí lẹ́tà rẹ ti dé. Mo jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì, kálámù ò dìde.

Kondo Salehe ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Zaramo ni, a jọ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí ìyá rẹ kú, lẹ́nu iṣẹ́ ni mo wà, ọkọ̀ wa wà ní Dodoma. Kondo ló dúró tì í ní ọsibítù. Ìyàwó Kondo ló wẹ̀ ẹ́. Kondo àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló gbẹ́ sàréè, torí iṣẹ́ ẹni utani ni, wọn kì í jẹ́ kí ẹlẹ́kún gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo dé, ohun gbogbo ti wà nílẹ̀, èmi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀.

Láti ìgbà tí ìròyìn ikú náà ti bá mi, ọjọ́ mẹ́ta, mi ò jẹun. Mi ò sunkún. Èèyàn á bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní gbọ́. Kondo rí mi. Ó mọ̀ pé ara mi ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó wá ró aṣọ ìyá rẹ, ó fi ohùn ìyá rẹ pè ọ́ wá jẹun. Nyamizi, mo rí ìyàwó mi. Mo rí i lójú ọ̀nà ilé ìdáná wa. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e, irú ẹkún tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Mo sun ún títí àṣálẹ́. Kondo dì mí mú. Lẹ́yìn náà mo jẹun. O rí ẹ̀rín náà, wọ́n sì gbé ọ lọ kí ẹkún tó dé.

Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Mo jẹ́ kí o gbé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ sí òkèèrè, o sì gbé e láti ọjọ́ náà títí di òní. Dárí jì mí. Ojú eyín rẹ ò kúrò lápá Kondo títí tó fi kú. Ó máa ń ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè fi hàn wọ́n ní ibùdókọ̀: "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló ṣe èyí. Ẹ wo bí eyín ṣe tò! Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ nìyẹn."

Ní ti Bi Mwamvita, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kò sí wàhálà, mzee," ó sì gbé àga fún mi. Ìwọ lo kọ lẹ́tà, ẹnu tìrẹ ló kù kí wọ́n gbọ́. Mi ò ní sọ ohun tí o máa kọ fún ọ. Maganga ò yí ọjọ́ tó dá padà.

Bàbá rẹ


Aarhus
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje, 1995

Ìwọ Mwamvita, ẹrú bàbá mi,

Mi ò kí ọ. Mo gbọ́ pé o ti mọ ìkíni jù báyìí, pé o ń tẹ orúnkún káàkiri ìlú bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù. Dìde nílẹ̀ jàre!

Nyamizi lorúkọ mi, ọmọ aláàárù. Èmi ni mo kọ lẹ́tà burúkú yẹn. Yìnyín ti wọ̀ mí lórí níbí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ ni.

Wọ́n ní o dá adìyẹ wa padà pẹ̀lú ọmọ méjì. Oṣù mẹ́ta nílé Zaramo, ọmọ méjì péré? Àwọn yòókù dà? Bwana Kibwana, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ ní kó la ẹnu kí ẹ wò ó, ìyẹ́ ṣì máa wà láàárín eyín. Wọ́n tún ní o fọ àga. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Zaramo fọ nǹkan! Ṣé àgbọn ló já lù ọ́ lórí ni?

Mo mọ ohun tó ṣe ọ́. Iṣẹ́ ti sú ọ. Bíbú bàbá mi lójoojúmọ́, iṣẹ́ alágbára ni, o wá rí lẹ́tà ọmọ kékeré, o fi ṣe àwáwí, o lọ sùn. Ọ̀lẹ ìdí àgbọn! Ta ló fún ọ ní ìsinmi? Gba àga yẹn padà. Fi ìgbálẹ̀ dábùú ọ̀nà. Jẹ́ kó jó.

Jẹ́ kí n sọ èyí láìṣàwàdà. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo pe oore ní ìwà ọ̀daràn, mo sì jẹ́ kí wọ́n kà á sí ọ létí lójú àwọn èèyàn rẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èèyàn rẹ kan gba ẹ̀mí bàbá mi là, mo gé e jẹ. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Mo mọ̀ báyìí. Wọ́n fẹ́ gbé bàbá mi lọ sí Tabata, níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n débi táá bú u. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó lọ.

Tí mo bá sì tún gbọ́ pé o kí i ní shikamoo, èmi fúnra mi ni mo máa wá síbẹ̀ wá kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Èmi ni ọ̀gá rẹ,
Nyamizi Mihayo


Bagamoyo
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ, 1995

Nyamizi ọmọ mi,

Mo kí ọ títí ọwọ́ fi ro mí! Orúnkún mi kí ọ. Adìyẹ kí ọ.

Lẹ́tà rẹ dé ní Sátidé. Bi Mwamvita ò mọ̀wé kà, ó mú un lọ sọ́dọ̀ Kibwana, Kibwana sì jókòó sídìí kọfí. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó wo ojú mi, ó hú ikọ́. Ó ní ṣé kí òun máa bá a lọ. Obìnrin náà ní, "Kà á." Nígbà tó dé ibi ìyẹ́ adìyẹ, kọfí gba imú bàbá oníkọfí jáde. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní o ò ṣàwàdà, Bi Mwamvita ti fi aṣọ kanga rẹ̀ bo ojú. Ó ní kó tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kibwana kà á. Obìnrin náà dìde, ó lọ sílé rẹ̀, kò kí ẹnì kankan. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí.

Ní Mọ́ńdè, Maganga gbé ọkọ̀ ẹrù dé. A kó ẹrù síta, a ń tò ó sínú ọkọ̀. Ó ku ìkòkò méjì, mo gbọ́ ohùn: "Ta ló ń kó ẹrù ẹrú mi?" Òun ni, àti obìnrin mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gun ọkọ̀, ó fa bẹ́ẹ̀dì òwú mi yọ, ó gbé e rù, ó kọjú sí ilé rẹ̀. Mo pariwo: "Áà! Ẹ wá wò ó o, ta ni aláàárù báyìí?" Ó dáhùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Pa ẹnu dé, ràkúnmí! Ọ̀nà ni mò ń wò!" Nyamizi, ó bú mi! Omi bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn.

Maganga tẹ̀ lé e láti gbà á. Ó bá àwọn obìnrin náà, gbogbo wọn ti jókòó lé e lórí. Bi Mwamvita ní, "Kì í ṣe ìwọ. Ọmọbìnrin yẹn ló ní òun máa wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Kó wá. Òun nìkan ni mo máa dá bẹ́ẹ̀dì yìí padà fún, kò sẹ́lòmíì." Maganga dúró, ó wò wọ́n, ó wò mí. Ẹ̀rín mú un, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ara ọkọ̀ mú. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù mi wọlé padà. Ó jẹ àkàrà ìrẹsì mẹ́rin, ó sì wa ọkọ̀ òfìfo lọ sí Dar.

Torí náà mo wà nílé mi, mi ò lọ síbì kankan. Orí ẹní ni mò ń sùn, ẹní rẹ̀ àtijọ́ tó ti lu. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀. Mi ò ní kí o ṣe nǹkan kan o. Mo kàn ń ròyìn ni.

Bàbá rẹ, ẹrú Zaramo


Aarhus
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹjọ, 1995

Bàbá mi,

Ẹ má ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má sì jẹ́ kí Maganga rà á fún yín.

Mo ti gba ìsinmi, mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, ni mo máa dé Dar, ọjọ́ náà gan-an ni mo sì máa wọ bọ́ọ̀sì Bagamoyo, bí mo tilẹ̀ máa jẹ eruku.

Ẹ sọ fún Bi Mwamvita pé ìjà ni mò ń bá bọ̀. Ẹ má tíì sọ fún un pé oṣù méjì gbáko ni mo gbà fún ìjà náà.

Nyamizi